Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ń Retí Lọ́jọ́ Ẹtì

Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ti ka lẹ́tà mi mẹ́rìndínlógún kí n tó fojú kàn án. Kì í ṣe òun ni mo kọ wọ́n sí. Àbúrò mi ni mo kọ wọ́n sí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ ọkùnrin náà sì ni kó máa ka gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé àti gbogbo èyí tó ń jáde.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò ni. Mo ti wà lórí ìlà láti aago méje, ẹsẹ̀ mi ti wú, okùn àpò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi léjìká. Nígbà tó kàn mí, wọ́dà tó wà lójú fèrèsé wo orúkọ mi, ó ní kí n dúró díẹ̀. Ọkùnrin kan jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Kọ́là aṣọ wọ́dà rẹ̀ ti ya, ó fi pẹ́ńsùlù há etí, lẹ́tà mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe?"

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé, 'Iya ni oun n fi ogun ranse si e.' Ẹ ò fi àmì kankan sí i. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ogún ni, àbí oògùn, àbí ogun gan-an ni Màmá fẹ́ gbé wá bá wa. Tó bá jẹ́ ogun ni, kí n tètè lọ sọ fún ọ̀gá."

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Oògùn ikọ́ ni. Ọmọ ìyá mi ń húkọ́. Ẹ máa ka lẹ́tà onílẹ́tà, ẹ tún máa fi ẹni tó kọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ má bínú, mà." Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fi 'o' kan kún ọ̀rọ̀ náà, ó fi àmì lé e lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìkọ̀wé yín dára gan-an. Àmì nìkan ni kò sí."

Mo bínú délé. Nígbà tí mo dé ilé ni mo tó rẹ́rìn-ín.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló sọ ọ́ ní Alámì. Kò sí lẹ́tà tó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í fi pẹ́ńsùlù sàmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá lè ní ìtumọ̀ méjì. Ó ní Yorùbá tí kò lámì dà bí ilé tí kò ní nọ́ńbà, èèyàn lè lọ kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Nígbà tí mo tún lọ, mo sọ fún un pé kọ́là rẹ̀ ti ya. Aránṣọ ni mí, n kò lè rí kọ́là tó ya kí n dákẹ́. Ó ní òun ò rí ẹni bá òun rán an. Mo ní ṣé kò sí ìyàwó nílé ni. Ó ní ìyàwó òun ti lọ láti ọdún mẹ́fà, nítorí pé òun ń gbé ọgbà ẹ̀wọ̀n bọ̀ wálé lójoojúmọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

"Ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi," ni mo wí.

Ṣẹ́ẹ̀tì kan di mẹ́ta, ó di ṣòkòtò, ó di aṣọ fèrèsé. Nígbà tó yá, kò sí aṣọ tó ya nílé rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò yé wá. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, á máa na pín-ìnnì sí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, èmi sì jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Ìfẹ́ àgbà kì í sáré. Ó máa ń kọ́kọ́ wá ibi jókòó ná.

Ó ń pè mí ní Abẹ́rẹ́. Ó ní mo kéré, ṣùgbọ́n kí èèyàn má jókòó lé mi lórí láìwò. Ó máa ń sọ fún mi nípa yàrá iṣẹ́ rẹ̀: kò ní fèrèsé, tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àpótí lẹ́tà méjì, àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Àwọn méjì ló ń ka lẹ́tà tẹ́lẹ̀. Ẹnì kejì ti fẹ̀yìntì, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Òun nìkan ló wá ń ka ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rin ọkùnrin.

"Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí mò ń kà lójúmọ́ pọ̀," ó sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "débi pé mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ tèmi. Gbogbo ẹ̀ ni ẹnìkan ti sọ."

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu yín."

Ó gbé pín-ìnnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Abẹ́rẹ́. Èyí ò ní ìtumọ̀ méjì."

Ọjọ́ yẹn ni mo fi 'ẹ' sílẹ̀, tí mo kọ́kọ́ pè é ní 'ìwọ'. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti pẹ́ jù." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun kan ló yẹ kó ṣe tí kò ṣe. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé wọ́dà kò gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà ẹlẹ́wọ̀n tó bá jẹ́ èèyàn rẹ̀. Ó yẹ kó lọ sọ fún ọ̀gá pé òun ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́wọ̀n kan. Ó ní òun máa sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kò dé.

Àbúrò mi, awakọ̀ ni. Ó fi ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ gbé ẹrù olè. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹrù olè ni, adájọ́ ní ó yẹ kó mọ̀, wọ́n sì fún un lọ́dún mẹ́jọ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀yìn mi ló sì gùn dàgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tò sórí ìlà láti aago méje.

Lóṣù tó kọ́kọ́ wọlé, wọ́n gba kúbùsù rẹ̀, wọ́n gba bàtà rẹ̀, wọ́n lù ú. Kò sọ fún wa. Àwọn tó fún un ní kúbùsù mìíràn ni wọ́n ń pè ní Àṣẹ́kù. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olùkọ́ ló ń darí wọn nínú ọgbà náà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé gbogbo ayé ti sọnù, títí kan àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà bíi tirẹ̀ gan-an. Àwọn Àṣẹ́kù nìkan ló máa là. Ṣùgbọ́n wọ́n ní búrẹ́dì, wọ́n ní igun tiwọn, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ọmọ wọn. Ẹni tí òtútù ń pa kì í béèrè ẹni tó hun kúbùsù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú wa dùn. Ó fi sìgá sílẹ̀. Ó ń wẹ̀ déédéé, ó ń gbàdúrà. Ìyá mi dúpẹ́ títí.

Lẹ́yìn náà ló ní òun ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Nígbà tó yá, kò wo ojú mi mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ìyá wa, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ iye aago tó lù, pé inú iná ni bàbá wa wà, nítorí kì í ṣe ara Àṣẹ́kù.

Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, èmi ló kọjú ọ̀rọ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pé mẹ́rìndínlógójì. Ta ni orí yín?"

"Orí mi wà lọ́rùn mi."

"Obìnrin tí kò lọ́kọ kò ní ààbò. Mo ti ń bá Olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa yín."

"Bá a sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ rẹ," ni mo wí. Mo rò pé àwàdà ni mo fi pa ọ̀rọ̀ náà.

Mo sọ apá kan rẹ̀ fún Alámì. Mi ò sọ ti ọkọ, ojú tì mí. Òun náà yọ ìwé kan jáde lápò. Wọ́n ti kó gbogbo wọ́dà jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, wọ́n sì fún wọn ní àmì mẹ́sàn-án tí wọ́n máa fi dá ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ti yí lórí mọ̀. Ó fi sìgá sílẹ̀. Ó ń gbàdúrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó pààrọ̀ ọ̀rẹ́.

"Ìdajì nínú ìwọ̀nyí ni ìyá ẹni máa ń tọrọ fún ọmọ," ni mo wí.

"Mo mọ̀." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n àwọn Àṣẹ́kù da omi gbígbóná sí ọ̀kan nínú wọn lára lọ́sẹ̀ tó kọjá, Abẹ́rẹ́. Ó ní òun fẹ́ kúrò nínú wọn. Èmi ni mo ka lẹ́tà tó kọ sí ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìwòsàn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn sọ pé níbì kan, ọkọ̀ ni wọ́n fi fọ́ ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò sí ohun tí mò ń kà báyìí tí ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí."

Ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo ní kó lọ sùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́. Ó béèrè omi, ó mu ún, ó wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń rán aṣọ. Nígbà tó ń lọ, ó dì mọ́ mi pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá wá gbé mi.

Yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀ ní tábìlì irin àti àga méjì. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó jókòó níwájú mi jẹ́ ẹni ńlá tí ohùn rẹ̀ tutù, ó jọ pé oorun ń kun òun náà.

"Màdámù, ọkọ̀ wo ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ọkọ̀ wo?"

Ó fi lẹ́tà kan síwájú mi. Ìkọ̀wé àbúrò mi ni, láìní àmì, bíi tèmi. Inú ilé kan náà la ti kọ́ ọ.

"Egbon mi, a ti ri oko fun yin. Oko naa lagbara, Oluko funra re lo yan an. Yoo de soobu yin lojo Eti. E mura sile. E ma so fun Iya."

Lórí 'oko' méjèèjì, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù kọ àmì. Ọkọ̀. Ọkọ̀. Mo mọ pẹ́ńsùlù yẹn bí mo ṣe mọ abẹ́rẹ́ mi. Mo wá lóye ìdí tí Alámì fi dì mọ́ mi pẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo tún lẹ́tà náà kà. Mo rántí 'ta ni orí yín', mo sì ti lẹ́tà náà padà síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ pa àmì yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ tún un kà. Ọkọ̀ kọ́ ni. Ọkọ ni. Ọkọ tí obìnrin ń fẹ́."

Ó wò mí títí. "Ta ló máa ń fi ọkọ ránṣẹ́ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n?"

"Àbúrò mi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Kò gbà mí gbọ́. Bí mo bá jẹ́ òun, mi ò ní gba ara mi gbọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ṣì wà ní àtìmọ́lé, wọ́n fi ọlọ́pàá mẹ́rin sẹ́yìn aṣọ títa nínú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n fi àwọn mìíràn sí òpópónà kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti dẹwọ́ eré lásán, gbogbo wọn á nà ró. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ní nǹkan bí aago méjì, ọkùnrin kan fẹsẹ̀ rìn wá. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé ọ̀rá kan dání. Ó kanlẹ̀kùn pẹ̀lú ìtìjú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n awakọ̀?"

Wọ́n dà á dojú bolẹ̀. Wọ́n tú ọ̀rá náà. Ọṣẹ ìfọṣọ kan ló wà níbẹ̀, ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti áńkáṣíìfù obìnrin méjì tí wọn ò tíì tú lára páálí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ti jáde. Ó ní ìyàwó òun lòun wá wò.

Wọ́n ń retí ọkọ̀, ọkọ ló dé.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Màdámù, ẹ má bínú," ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú mi, ó gbé e mì.

Àbúrò mi ni kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ti òun àti àwọn mọ́kànlá mìíràn mọ́ yàrá àdágbé, ẹnìkan nínú yàrá kan. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n mìíràn tó jìnnà, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Mo lọ bá ọ̀gá wọn, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọkọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Màdámù, ọkọ̀ ni o, ọkọ ni o, Olùkọ́ ti ń na ọwọ́ jáde lọ́gbà. Wọ́n fẹ́ fi yín fún ọkùnrin tí ẹ ò mọ̀ rí. Ṣé ìyẹn dára?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò parọ́.

Alámì wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ni mo wí.

Ó gbọ́ 'ẹ' yẹn. Ó kan án bí ìgbà tí wọ́n gbá èèyàn létí.

"Abẹ́rẹ́ mi..."

"Ta ni abẹ́rẹ́ yín? Ẹ dì mọ́ mi, ẹ mu omi mi, ẹ sì ti fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Lọ́jọ́ oògùn ikọ́, ẹ dá mi dúró níwájú gbogbo ayé, ẹ béèrè. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò béèrè lọ́tẹ̀ yìí?"

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi tí mo fi ní láti dá maṣíìnì dúró.

"Lẹ́tà bí ọgọ́rin ló wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ká ní ẹlòmíràn ló ni ín, ǹ bá béèrè. Mo rí i pé wọ́n ti rí 'oko' fún ẹ, ọkàn mi sì kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ jẹ́ ọkọ yẹn. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo sàmì sí i, ọwọ́ mi ò tiẹ̀ gbọ̀n."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Bóyá lọ́jọ́ mìíràn, ì bá dùn. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé àpò mìíràn lé mi léjìká. Mo ní kó máa lọ.

Ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá wọn, títí kan pé òun ń fẹ́ mi. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan, ó ń ka páálí dípò lẹ́tà. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, á wá, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Mo kàn ní kí n kí ẹ." Á sì lọ. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí òjò ò jẹ́ kó wá, iṣẹ́ kankan ò lọ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó wá lọ́sẹ̀ kejì, mo ní, "Ìwọ, ṣé wíwọlé yìí le ni?" Ó wọlé.

Ìyá mi ni kò gbà.

"Ọkùnrin tó fi pẹ́ńsùlù ti ọmọ mi mọ́lé," ó ní. "Kó má pè mí ní Màmá. Mi ò bí i."

"Màmá, ó ti jẹ̀bi. Ó ti bẹ̀bẹ̀."

"Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ò ṣí yàrá." Ó yíjú sí ògiri. Ó ní, "Bàbá yín ò sí. Àbúrò rẹ ni ọkùnrin ilé wa. Tí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, kó lọ gbà ẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí ọmọ mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò gbọ́ tẹlòmíràn."

Ọmọ rẹ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́dà jáde wá sọ pé ó lóun ò fẹ́ rí mi. Mi ò lè fẹ́ Alámì láìjẹ́ pé mo pàdánù ilé mi. Mi ò sì lè fi í sílẹ̀, mo ti gbìyànjú rẹ̀.

Ọkọ Ọjọ́ Ẹtì, orúkọ tí mo fún ọkùnrin tó gbé ọ̀rá wá yẹn nìyẹn, ti padà wá bẹ̀ mí. Kò níbi tó máa lọ, ó sì mọ aṣọ lọ̀ dáadáa, inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ ọ. Mo ní kó máa lọ aṣọ fún mi. Lọ́jọ́ kan, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rò pé ó fẹ́ ṣe yín níbi. Ó ń fi yín yangàn lọ́dọ̀ wa. Ohun tó dára jù tó ní láyé ló fẹ́ fún Olùkọ́. Èmi náà, kúbùsù ni wọ́n fi mú mi." Ó mi orí. "Níbi tó wà báyìí, kò sí Olùkọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́nikẹ́ni náà. Mo ti gbé ibẹ̀ rí. Ara ògiri lèèyàn á máa bá sọ̀rọ̀, èyí tó bá sì ti gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni ògiri á máa sọ padà fún un."

Alámì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń kọ lẹ́tà sí àbúrò mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò wàásù fún un. Ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe nínú àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn ń sọ bí ayé ṣe ń lọ: afárá tí wọ́n tún ṣe, ọkọ̀ tuntun tó rí ní ilé ìkẹ́rùsí àti bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń dún. Lẹ́tà mẹ́tàlélógún, kò rí èsì kankan. Ní oṣù kẹwàá tí wọ́n ti gbé e lọ, ìwé kan dé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àbúrò mi ti kọ orúkọ ẹnìkan sílẹ̀ tó fẹ́ rí. Orúkọ Alámì ni.

A jọ lọ. Oorun gbé e lójú ọ̀nà, orí rẹ̀ ń já lu gíláàsì fèrèsé bọ́ọ̀sì, mo fi ọwọ́ mi tì í. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ní òun nìkan ló lè wọlé. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ìyá mìíràn. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n máa ń fún èèyàn. Ogún ìṣẹ́jú pé, kò jáde. Ọgbọ̀n pé. Nígbà tó pé ogójì, ilẹ̀kùn ṣí, mo sì dìde.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní rárá."

Mo padà jókòó.

"Ó ní ẹni tí kì í ṣe Àṣẹ́kù kò lè fẹ́ ẹ̀gbọ́n òun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ogójì ìṣẹ́jú lẹ̀yin méjèèjì fi sọ rárá?"

"Rárá ò gba ìṣẹ́jú kan." Ó jókòó tì mí. "Ó wá bi mí nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn. Ó ní mi ò mọ̀ ọ́n júwe. Ó bi mí bóyá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ ṣì ń há. Ó bi mí bí Màmá ṣe ń sùn. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà, Abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ń há a lọ́fun. Wọ́dà ní àkókò ti pé, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, 'Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?'"

Mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì yẹn, láìsí ìtìjú. Ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí na aṣọ ìnujú sí mi.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. "A lè sọ fún Màmá pé ó gbà. Ta ló máa mọ̀? Tó bá fi máa jáde, ọ̀rọ̀ náà á ti tutù."

Alámì mi orí.

"Mo ti sọ ohun tí kò sọ di tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí," ó ní. "Mi ò lè ṣe é mọ́. Tí èyí bá sì gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi, kó gbà ẹ́."

Mo bínú sí i. Mo sì mọ̀, nínú ìbínú yẹn, pé ọkọ mi ló jókòó tì mí.

Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí a wọlé lọ́jọ́ kejì. Alámì dọ̀bálẹ̀. Màmá kò ní kó dìde.

"Ó gbà?" ni ìyá mi béèrè.

"Rárá, mà. Ó kọ̀."

Mo wo ilẹ̀. Mo ti ń ka iye ọdún tó kù kí àbúrò mi tó jáde, àti iye ọdún tí màá jẹ́ nígbà náà.

"Ìwọ fúnra rẹ lo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ mi la ẹnu, ó bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Ogójì ìṣẹ́jú, mà."

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú. "Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń húkọ́?"

"Díẹ̀díẹ̀, mà."

"Ó rù?"

"Ó rù, mà. Ṣùgbọ́n ó bú mi pé mi ò mọ ẹ́ńjìnnì."

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu ìyá mi, àfi bíi pé ó ta á lójijì. Ó fi ìbòrùn bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ó pẹ́ kó tó ṣíjú.

"Dìde nílẹ̀. Jókòó síbí, kó o sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Má fo nǹkan kan."

Ó sọ ọ́. Níbi tó bá ti sáré, ìyá mi á dá a padà. Nígbà tó dé ibi ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ìyá mi ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìgbà wo lo wá ń padà lọ?" ó ní.

"Lóṣù tó ń bọ̀, mà, tí ẹ bá gbà."

"Tó o bá dé ọ̀hún, sọ fún un pé mo ní kó máa jẹun." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ gbọ́ rárá rẹ̀. Kó má bínú sí mi. Mo ti fún ẹ ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó dìde nínú wa, kò sẹ́ni tó pariwo ayọ̀. Ó ti rẹ gbogbo wa.